Bí Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Bá Ń Dúró Lójijì: Ẹ Yẹ Inú Ilé Wò Kí Ẹ Tó Ra Dátà Kún Dátà

Ní alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ìpínlẹ̀ wa máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó wà ní ìlú mìíràn gbá géèmù. Gbogbo rẹ̀ a máa lọ geere, àfi lójijì tí àwòrán yóò dúró gbagidi. Nígbà tí yóò bá fi tún máa lọ, wọ́n ti gbá góòlù wọlé. Ọmọ yóò ní dátà ni kò tó, òbí yóò ra òmíràn, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ohun kan náà ni yóò tún ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré nìkan. Àléébù kan náà ni ó máa ń gé ohùn ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé góńgó. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ orísun rẹ̀ kí a tó náwó sí i.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀

Géèmù kì í jẹ dátà púpọ̀ nígbà tí a bá ń gbá a. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ìsọfúnni kéékèèké máa lọ, kí ó sì máa bọ̀, ní àkókò gan-an. Ẹ fi wé ìlù dùndún: bí omele bá gbẹ́yìn ìyáàlù, ẹsẹ̀ oníjó yóò ṣì, bí ó ti wù kí ìlù náà dún tó. Àkókò àlọ àti àbọ̀ yìí ni a ń pè ní ping. Ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ìyẹn ms, ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Àyẹ̀wò oníṣẹ́jú mẹ́wàá

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Inú ilé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tí ó wà níwájú Default Gateway. Àdírẹ́sì router yín nìyẹn, 192.168.1.1 ni ó máa ń jẹ́ ní ilé púpọ̀. Ẹ tẹ ping -t, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà náà. Ẹ ṣí Command Prompt kejì, ẹ tẹ ping -t 8.8.8.8, tí í ṣe àdírẹ́sì Google kan ní ìta. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ bí géèmù ti ń lọ. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé, ẹ tẹ Ctrl àti C pọ̀ láti dá wọn dúró.

Bí ti router kò bá kọjá nǹkan bíi 10 ms, ara inú ilé le. Bí ó bá ń fò láti 3 sí 300, inú ilé ni àìsàn wà, kò sì sí iye dátà tí ó lè wò ó sàn. Bí ti router bá dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tí ti 8.8.8.8 ń fò, ọ̀nà tí ó jáde kúrò nílé ni kí a yẹ̀ wò.

Bí ó bá jẹ́ inú ilé

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí router wà. Ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀kùn onírin àti fìríìjì máa ń dí Wi-Fi lọ́wọ́. Ẹ gbé e kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e sókè, sí àárín ilé.

Èkejì ni èrò lójú ọ̀nà. Orí ìgbì 2.4 GHz ni Wi-Fi ilé púpọ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni Bluetooth àti ẹ̀rọ microwave tí a fi ń mú oúnjẹ gbóná ń lò. Níbi tí ilé ti fara kan ilé, Wi-Fi aládùúgbò yóò máa já lu tiyín. Bí router àti kọ̀ǹpútà yín bá ní 5 GHz, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ súnmọ́ router, nítorí kì í la ògiri kọjá bíi 2.4. Bí wọn kò bá ní i, ẹ yan ìkànnì 1, 6 tàbí 11, èyí tí èrò kò pọ̀ sí jù. Àwọn mẹ́ta yìí kì í gun ara wọn.

Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bí fífò náà bá ń wáyé ní àkókò tí ó dọ́gba, ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń wá Wi-Fi mìíràn kiri, tàbí pé ó ń ṣọ́ iná lò. Nínú Power Options, ẹ wá Wireless Adapter Settings, kí ẹ sì yan Maximum Performance bí ó bá wà níbẹ̀.

Oògùn tí ó dájú jù ni wáyà Ethernet láti router sí kọ̀ǹpútà. Ó lè gùn tó mítà 100. Bí fífò bá dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ lo wáyà, ó dájú pé Wi-Fi ni ó fà á.

Bí ó bá jẹ́ ìta

Ẹ bi ará ilé léèrè ná. Fóònù kan tí ó ń fi fídíò ránṣẹ́ tàbí kọ̀ǹpútà tí ó ń gba àtúnṣe Windows lè dí ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń lò. Ẹ sún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí òru. Ẹni tí ó ń lo MiFi ní láti mọ̀ pé òun àti gbogbo àdúgbò ni wọ́n jọ ń pín òpó kan, pàápàá ní àṣálẹ́.

Ọ̀nà jíjìn kì í ṣe àléébù. Okùn MainOne tí ó gba abẹ́ òkun láti Pọ́túgàl dé Èkó ní ọdún 2010 gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000. Ìmọ́lẹ̀ inú irú okùn bẹ́ẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ nìkan yóò gba 70 ms. Bí ping yín sí Yúróòpù bá dúró ní 120 láìyẹsẹ̀, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Èyí tí ó ń fò ni àìsàn.

Bí ó bá ṣì ń fò lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti nọ́ńbà tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ fi lọ ilé-iṣẹ́ tí ó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ pe NCC, àjọ tí ó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, lórí 622. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà. Ẹni tí ó bá ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹjọ́ rẹ̀ máa ń yé ni.