Ta Ni A San Owó Ìràpadà Náà Fún?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí a lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìgándò, lẹ́yìn tí a ti wí fún wọn pé Olúwa fi ẹ̀mí rẹ̀ rà wá padà, ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní ọjà Ìkọ̀tún nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, ta ni ó san owó náà fún?" Ẹni tí ó bá dàgbà nídìí ọjà mọ̀ pé kò sí ohun tí a rà tí kò ní ẹni tí ó tà á. Àwa wo ara wa lójú, a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó tó yé wa ìdí tí àwọn olùkọ́ wa fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ńláńlá tí a ń há sórí nítorí ìdánwò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo bí ẹ̀kọ́ kan ti gbé èkejì ró. Nítorí ohun tí a bá sọ nípa àgbélébùú, a ti sọ ọ́ nípa Ọlọ́run pẹ̀lú, àti nípa ènìyàn, àti nípa Sátánì. Ọmọ Áfíríkà kan, Origen ará Alẹkisáńdíríà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nínú ìwé tí ó kọ láàrin ọdún 220 sí 230.

Ìbéèrè ọmọ Ìgándò yìí gan-an ni Origen bi ara rẹ̀. Ó dáhùn pé Sátánì ni a san án fún, nítorí òun ni ó dì wá mú. Gregory ará Nyssa gbà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin, ó sì fi ìwọ̀ ṣe àpèjúwe: Sátánì gbé ara ènìyàn tí Olúwa gbé wọ̀ mì bí ẹja ti ń gbé ìdẹ mì, kò sì mọ̀ pé Ọlọ́run ni ìwọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ apẹja kì yóò gbàgbé èyí láéláé. Ṣùgbọ́n ó fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́tàn, ó sì sọ ajínigbé di olówó tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gba owó. Gregory kejì, ará Nazianzus, kọ̀ ọ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbà pé Baba ni ó ń bèèrè owó náà. Ní ọdún 1098 ni Anselm, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, parí ìwé tí ó fi hàn pé Ọlọ́run ni ènìyàn jẹ ní gbèsè ọlá, àti pé Sátánì kò ní kọ́bọ̀ kan gbà. Ti Anselm tẹ́ wa lọ́rùn ju ti Origen lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a kò bá ṣọ́ra, ọmọdé lè rò pé Baba dà bí ológò tí ó jókòó síwájú ilé onígbèsè.

Nígbà náà ni a ṣí Bíbélì Yorùbá wa. Ní Máàkù 10:45, ìràpadà ni a bá. Ní Róòmù 3:24, ìdáǹdè ni. Ní ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e, ètùtù ni. Ọ̀rọ̀ kan ti ọjà ẹrú wá, èkejì ti inú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá, ẹ̀kẹta ti ojúbọ wá. Samuel Ajayi Crowther, tí ìtumọ̀ Róòmù rẹ̀ jáde ní 1850, mọ ìyàtọ̀ wọn nínú ara rẹ̀. A kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1822 ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Kò sí ẹni tí ó san owó fún àwọn tí ó dè é, síbẹ̀ ó di òmìnira.

Ọ̀rọ̀ ètùtù ni ó mú wa dúró pẹ́ jù lọ. Ní ojúbọ àwọn baba wa, ènìyàn ni ó ń gbé ètùtù wá kí inú òrìṣà lè rọ̀. Nínú Róòmù, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó gbé e kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó gbé ẹbọ ti yí padà. Olùkọ́ tí kò bá sọ èyí fún ọmọdé ti fi í sílẹ̀ ní ojúbọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì a wí fún ọmọ náà pé Ìwé Mímọ́ sọ iye owó náà, ó sì sọ ẹni tí ó san án, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tí ó gbà á. Nítorí náà kí ó má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀. "Tíṣà, kí ni Sátánì wá rí gbà?"

A ní kò rí nǹkan kan gbà. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.