Abúlé Inú Agbo Òkúta: Bí Avebury Ṣe Di Ohun Tó Dà Lónìí

Avebury jẹ́ páríìṣì kan ní àgbègbè Wiltshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agbègbè tí àlùfáà kan ń bójú tó ni páríìṣì jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí òfin ọdún 1894 tó gba ọ̀ràn ìlú kúrò lọ́wọ́ ìjọ, tó sì gbé e lé ìgbìmọ̀ tí àwọn ará abúlé fúnra wọn yàn lọ́wọ́. Páríìṣì irú èyí pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan àti ilé ọtí kan ó kéré tán. Ohun tó ya Avebury sọ́tọ̀ ni pé àárín agbo òkúta tó ti lé ní ẹgbàajì ọdún ni apá kan abúlé náà wà, àti pé lára àwọn òkúta agbo yẹn gan-an ni wọ́n ti gé èyí tí wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ tí kò tíì mọ irin, tí kò sì ní ìwé kíkọ, ni wọ́n ṣe agbo náà, díẹ̀díẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2850 sí ọdún 2200 ṣáájú ìbí Krístì. Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n fi wa yàrà ńlá kan yí ibẹ̀ ká, èyí tó jìn tó mítà mẹ́sàn-án nígbà náà, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn yàrà di òkìtì gíga. Lórí ilẹ̀ tí yàrà yìí yí ká ni wọ́n to nǹkan bí ọgọ́rùn-ún òkúta ró sí, ìyẹn agbo òkúta tó tóbi jù lọ lágbàáyé, pẹ̀lú agbo kékeré méjì nínú rẹ̀. Sarsen ni wọ́n ń pe irú òkúta bẹ́ẹ̀: iyanrìn ayé àtijọ́ tó ti gan pọ̀ ni, ó le koko, ó sì wà káàkiri orí àwọn òkè tó yí ibẹ̀ ká. Láti inú agbo náà ni ọ̀nà kan tí òkúta tò sí lọ́tùn-ún lósì ti jáde lọ sí apá gúúsù ìlà-oòrùn. Kò sì jìnnà sí ibẹ̀ tí Silbury Hill wà, òkè àtọwọ́dá tó tóbi jù lọ láti ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, àti West Kennet, ibojì gígùn tí wọ́n sin èèyàn bí mẹ́rìndínlógójì sí ní ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé kí wọ́n tó parí agbo náà.

Nígbà tí ẹ̀sìn Krístì dé, ìta yàrà, lápá ìwọ̀-oòrùn, ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St James sí. Ara ògiri rẹ̀ tó pẹ́ jù ti wà kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní ọdún 1066, ọpọ́n ìrìbọmi rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára náà sì ti pẹ́ gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣọ́ọ̀ṣì àti agbo òkúta jọ wà láìsí wàhálà. Ó di ọ̀rúndún kẹrìnlá kí àwọn ará abúlé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn òkúta náà lulẹ̀, tí wọ́n sì ń rì wọ́n mọ́lẹ̀ sínú kòtò, bóyá nítorí pé wọ́n kà wọ́n sí ohun ìbọ̀rìṣà. Ní ọdún 1938, wọ́n bá egungun ọkùnrin kan lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó fàdákà díẹ̀, sísọ́ọ̀sì àti abẹ wà lára rẹ̀, èyí ló sì mú kí àwọn awalẹ̀pìtàn gbà pé onígbàjámọ̀ tó tún ń tọ́jú ọgbẹ́ ni. Owó náà ló jẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ri òkúta yẹn mọ́lẹ̀.

Ìparun tó burú jù dé lẹ́yìn ìyẹn, kì í sì í ṣe ẹ̀sìn nìkan ló fà á. Òfin ọdún 1665 kan ka sísún mọ́ ìlú ńlá ní ìwọ̀n máìlì márùn-ún léèwọ̀ fún àwọn oníwàásù tó ti yapa kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà, èyí ló sì sọ abúlé tó wà ní kọ̀rọ̀ bí Avebury di ibi ààbò fún wọn. Inú agbo náà ni wọ́n kọ́ ilé ìsìn kékeré tiwọn sí, òkúta agbo tí wọ́n fọ́ sì wà lára ògiri rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ ilé àti abà náà kò jẹ́ kí iṣẹ́ òkúta fífọ́ náà rọ̀. Wọn a gbẹ́ kòtò sídìí òkúta, wọn a dáná koríko gbígbẹ sí i títí yóò fi gbóná janjan, wọn a da omi tútù sí i lára, wọn a sì fi òòlù ńlá lù ú títí yóò fi là. Inú agbo yìí náà ni ilé ọtí Red Lion wà, ilé olórùlé koríko tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tó di ilé èrò fún àwọn arìnrìn-àjò tó ń gba ojú ọ̀nà tó la abúlé já kọjá. Kànga àtijọ́ kan ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti sọ ọ́ di tábìlì tí àwọn oníbàárà ń jókòó tì. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ń mutí wà láàárín iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti kú ní ẹgbàajì ọdún ó lé sẹ́yìn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan dé lásìkò láti kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. John Aubrey ṣalábàápàdé ibẹ̀ níbi tó ti ń ṣọdẹ ní ọdún 1649, ó sì mú Ọba Charles Kejì lọ wò ó ní ọdún 1663. William Stukeley lọ síbẹ̀ léraléra láàárín ọdún 1719 sí 1724, ó ń wọn ilẹ̀, ó ń ya àwòrán, ó sì ń kọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ òkúta níṣojú rẹ̀. Láìsí àwòrán rẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tí ayé mọ̀ nípa agbo náà lónìí ni ìbá ti sọnù pátápátá, gbèsè tí gbogbo ènìyàn sì jẹ ẹ́ kò kéré. Ní ọdún 1871, John Lubbock, oníbáńkì àti aṣòfin, ra ilẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n má baà kọ́ ilé tuntun sórí rẹ̀. Ní ọdún 1882, akitiyan rẹ̀ bí òfin àkọ́kọ́ tó dáàbò bo àwọn ohun ìrántí àtijọ́ ní Bìrìtéènì, ìdí sì nìyí tó fi mú Avebury ní orúkọ oyè nígbà tí wọ́n fi í joyè ní ọdún 1900.

Ẹni tó tún agbo náà tò ni Alexander Keiller, tí ìdílé rẹ̀ lówó nídìí jáàmù ọsàn. Láti ọdún 1934 ló ti ń hú àwọn òkúta tí wọ́n rì jáde, tó ń gbé wọn nàró, tó sì ń ri òpó kọnkéré mọ́ ibi tí òkúta ti pòórá. Ṣùgbọ́n Keiller gbà pé abúlé náà ń ba ẹwà agbo jẹ́, nítorí náà ó ra àwọn ilé, ó sì wó wọn, àwọn tó ń gbé inú wọn sì kó lọ sí Avebury Trusloe nítòsí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹ fún ọpẹ́, síbẹ̀ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìdílé tí wọ́n lé kúrò nílé bàbá wọn kí àlejò lè rí òkúta dáadáa. Ilé tí wọ́n wó jẹ́ ara ìtàn ibẹ̀ bíi ti òkúta gan-an. Ogun ọdún 1939 ló dá iṣẹ́ náà dúró, ìdí nìyẹn tí apá ìwọ̀-oòrùn fi kún fún òkúta tí apá ìlà-oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ní ọdún 1943, Keiller ta ilẹ̀ náà fún National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àjogúnbá, ní £12,000. Ní ọdún 1986, àjọ UNESCO kọ Avebury àti Stonehenge, agbo òkúta àtijọ́ mìíràn, pọ̀ sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá àgbáyé.

Ní ọdún 2017, àwọn awalẹ̀pìtàn láti yunifásítì Leicester àti Southampton lo ẹ̀rọ tó ń wo abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì rí ibi tí òkúta ti tò ní igun mẹ́rin rí nínú agbo kékeré tó wà lápá gúúsù, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó ọgbọ̀n mítà. Àárín rẹ̀ ni Keiller ti rí ojú òpó ilé kan ní ọdún 1939, tó rò pé kì í ṣe ti ìgbà láéláé. Èrò àwọn awalẹ̀pìtàn yìí ni pé ilé àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ tó tẹ̀dó síbẹ̀ ló ṣeé ṣe kó jẹ́, àti pé láti fi ṣe ìrántí ilé náà, lẹ́yìn tó ti wó, ni àwọn ọmọ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ri òkúta yí i ká, tí agbo ńlá fi wá gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra.