Ǹjẹ́ Ilé Ọlá àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Olówó Gọbọi Ni Ó Ń Sọ Ọmọ Di Ẹni Ńlá?

Ìbéèrè kan wà tí ó ń yọ àwọn òbí lẹ́nu ní ìgbà tiwa yìí, ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní àti ní gbogbo agbègbè wa. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá ń súnmọ́ etílé, tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé, bàbá àti ìyá a jókòó, wọn a ka owó tí ó wà lọ́wọ́ wọn, wọn a sì bi ara wọn pé: "Bí a kò bá rán ọmọ yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ń lọ, ǹjẹ́ a kò ti ba ọjọ́ iwájú rẹ̀ jẹ́?" Àwọn mìíràn a tilẹ̀ yá owó èlé, tàbí kí wọ́n ta ilẹ̀ ìdílé, nítorí ìbẹ̀rù yìí. Ó tọ́, nígbà náà, kí a fi sùúrù gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò, kí a má baà fi ìgbéraga kọ ohun tí ó dára, kí a má sì fi ìbẹ̀rù ra ohun tí a kò ṣe aláìní.

Ọ̀nà méjì ni èrò àwọn ènìyàn pín sí. Àwọn kan gbà pé ilé ọlá ni ohun gbogbo: ẹni tí a bí sí ààfin tàbí sí ilé olówó, ọ̀nà rẹ̀ ti là kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn kejì kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, wọn a sì máa dárúkọ àwọn tí kò ní baba ọlọ́rọ̀, tí wọ́n sì di olórí fún àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe òtítọ́ sí àwọn ti ìṣáájú, nítorí wọn kò ṣe aláìní ẹ̀rí. Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá jẹ́ ọmọ Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, Aláké ti Ẹ̀gbá. A rán an lọ sí Selwyn College ní Cambridge, ó kọ́ ìmọ̀ òfin, nígbà tí ó sì di ọdún 1958, òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ adájọ́ àgbà fún gbogbo Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn ilẹ̀ náà, bí 7 péré ni ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ṣùgbọ́n nínú 100 àwọn adájọ́ àgbà wọn, 65 ni ó ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá rí irú iye báyìí, tí ó sì wí pé owó kò ṣe nǹkan kan, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Kì í sì í ṣe ohun ìyanu. Ọmọ ọlọ́rọ̀ kì í fi ebi kẹ́kọ̀ọ́. Ìwé wà ní ilé, iná wà láti fi kà á, kò sì sí ẹni tí yóò gbé igbá ọjà lé e lórí bí ó ti ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀. Bí ó bá kùnà nínú ìdánwò, a ó san owó kí ó tún un ṣe. Bí ó bá jáde, bàbá rẹ̀ mọ ẹni tí ó mọ ọ̀gá ilé iṣẹ́. Àwọn àgbà sọ ọ́ pé ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Kò purọ́ bí ó bá wí pé òun dé ibi tí òun ń lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni ẹ̀yìn ẹni tí ó gbé e dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ka Ìwé Mímọ́ kò ní gbàgbé Rèhóbóámù, ọmọ Sólómọ́nì. Ta ni a tọ́ nínú ọlá tó o? Inú ààfin ọba tí ó gbọ́n jùlọ ni ó ti dàgbà. Síbẹ̀, nígbà tí ó gun orí oyè, ó kọ ìmọ̀ràn àwọn àgbà, ó sì pàdánù ẹ̀yà mẹ́wàá. Ọlá lè gbé ọmọ dé ẹnu ọ̀nà. Kò lè fi ọgbọ́n sí i nínú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ti àwọn kejì. Kò sí àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa ju ti Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, ẹni tí a bí ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1908. Ní ìgbà èwe rẹ̀, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ṣoṣo ní Ọ̀wọ̀. Kò sí ẹni tí ó rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀dọ́mọdé gẹ́gẹ́ bí a ti ń rán àwọn ọmọ ọlọ́lá Èkó. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún un ni St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, tí àwọn C.M.S. dá sílẹ̀ ní ọdún 1896 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Ó wọ ibẹ̀ ní ọdún 1924, ó jáde ní ọdún 1927, ó sì di olùkọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó tẹ̀lé e. Ọdún 1943 ni ó tó wọ Fourah Bay College ní Sàró. Ọdún 16 ni ó wà láàárín ìjáde rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti ìwọlé rẹ̀ sí Fourah Bay! Ọmọ ẹlòmíràn tí ó ní bàbá olówó ìbá ti gba oyè yunifásítì kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òun ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1946 ó gba oyè B.A.; ní ọdún 1947 ó gba ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ìkọ́ni ní Lọ́ńdọ́nù; ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ó sì di ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀. Láti ọdún 1979 títí di òpin ọdún 1983, òun ni gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá-Àkókó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Níhìn-ín ni àwọn tí ó gbà pé iṣẹ́ ara ẹni ni ohun gbogbo a máa pàtẹ́wọ́, tí wọn a sì máa sọ fún àwọn ọmọ tálákà pé: "Ẹ rí i bí? Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ yóò ga." A kò sọ pé kí wọ́n má pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀.

Bí kò bá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ọ̀yọ́, níbo ni ọmọ náà ìbá gbà? Ẹlòmíràn ni ó ti kọ́ ilẹ̀kùn yẹn, tí ó sì ṣí i sílẹ̀, kí ó tó débẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn ńkọ́, àwọn tí a bí ní ọdún kan náà ní Ọ̀wọ̀, ní Ìdógun, ní Ìfọ́n àti ní àwọn abúlé ẹ̀bá odò Ọ̀sẹ̀? Oko ni púpọ̀ nínú wọn lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ ìtàn wọn. A kò sì lè wí pé ọ̀lẹ ni wọ́n, nítorí ẹni tí ó ń kọ ebè láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn tí ó gòkè nìkan ni a ń rí, nítorí náà ni a fi rò pé gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ni ó lè gòkè. Mósè pàápàá, ọmọ ẹrú ni, ṣùgbọ́n inú ilé Fáráò ni ó ti kọ́ ọgbọ́n, nítorí pé ọmọbìnrin ọba nawọ́ sí apẹ̀rẹ̀ tí ó wà nínú omi. Apẹ̀rẹ̀ mélòó ni ẹnikẹ́ni kò nawọ́ sí?

Ohun tí a rò pé ó jẹ́ òtítọ́ nìyí: owó kọ́ ni ó ń gbé ọmọ ga, akitiyan nìkan kọ́ sì ni. Ilẹ̀kùn tí a ṣí, àti ẹsẹ̀ tí ó wọlé, ni. Ànfààní ọmọ ọlọ́rọ̀ ni pé kò bá ilẹ̀kùn kan ní títì rí. Ìpọ́njú ọmọ tálákà sì ni pé ó lè ní ẹsẹ̀ tí ó yá ju ti ẹnikẹ́ni lọ, kí ó sì dúró sí ìta títí ọjọ́ fi lọ.

Olóyè Ajásin tìkára rẹ̀ mọ èyí. Lẹ́yìn tí òun ti gòkè, kò dúró lórí òkè kí ó máa wí fún àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ pé kí wọ́n ṣe bí òun ti ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 1951, ìlú Ọ̀wọ̀ yìí ni a ti gbé ẹgbẹ́ Action Group jáde ní gbangba, òun ni ó sì kọ ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ náà. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ ti jáde. Olórí ẹgbẹ́ náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́, ẹni tí ikú bàbá rẹ̀ da ẹ̀kọ́ tirẹ̀ rú ní ìgbà èwe. Àwọn méjèèjì mọ bí ó ti ń rí láti dúró sí ìta.

Owó-orí ni a ó fi ṣe é, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kùn. Ní ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954, ẹgbẹ́ náà fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn. Wọn kò padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó lé díẹ̀ ní 450,000 ní ọdún 1954, fò sókè ré kọjá 800,000 láàárín ọdún kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọlọ́gbọ́n ní ọdún 1955. Orí wọn pé tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn ni kò tíì ṣí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé à ń bá ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni jà. Olóyè Ajásin náà dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀, èyíinì ni Owo High School, ní ọdún 1963, ó sì ṣe ọ̀gá ibẹ̀ títí di ọdún 1975. Ní Ọ̀wọ̀ lónìí, Achievers University tí ó jẹ́ ti aládàáni àti Rufus Giwa Polytechnic tí ó jẹ́ ti ìjọba jọ wà ní ìlú kan náà. Ní Ìdóàní, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wà. Kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ ni kí a máa bèèrè, bí kò ṣe bí a ti ń kọ́ni níbẹ̀, àti ẹni tí a ń gbà wọlé.

Ohun kan kù tí kò yẹ kí a fojú fò dá, èyíinì ni ilé. Rótìmí Akérédolú, tí a bí ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1956, jẹ́ ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ọ̀wọ̀ àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti ìjọ, bí Aquinas College ní Àkúrẹ́ àti Loyola College ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó lọ kí ó tó kọ́ òfin ní Ifẹ̀. Ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà ní ọdún 2008, ó sì jẹ́ gómìnà láti ọdún 2017 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023. Ilé òjíṣẹ́ Ọlọ́run kì í sábà jẹ́ ilé ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó wà níbẹ̀: a ń ka ìwé sókè ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, a ń pa àkókò mọ́, ọ̀rọ̀ sì ní ìwọ̀n. Ogún ni èyí náà, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ìpíngún.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọlá ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àjàyí Crowther, tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Herbert Macaulay, ilé ìwé ni a bí i sí, nítorí bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àkọ́kọ́ fún C.M.S. Grammar School ní Èkó. Ọmọbìnrin Olóyè Ajásin, Jùmọ̀kẹ́ Anífowóṣe, di agbẹjọ́rò àgbà fún Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun tí a ń pè ní ọlá ọmọ, òógùn bàbá àti ìyá ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀. Èkínní, ẹ má ṣe ta ilẹ̀ ìdílé nítorí orúkọ àti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ lọ wò ó bóyá àwọn olùkọ́ ń wá sí iṣẹ́ déédéé, bóyá àwọn ọmọ ń kàwé tí wọ́n sì ń kọ ọ́ dáadáa. Èyí ni kí ẹ san owó fún. Èkejì, ẹ fún ọmọ ní ohun tí kò gba owó púpọ̀: wákàtí kan ní alẹ́ tí a kò ní rán an níṣẹ́, ìwé bí ó ti wù kí ó kéré tó, àti etí tí yóò gbọ́ bí ó ti ń kà á. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí Ọlọ́run ti bùkún fún, ẹ wo ọmọ aládùúgbò yín. Owó ìwé ọdún kan fún ọmọ kan ní abúlé Ọ̀sẹ̀ lè máà tó owó aṣọ ẹgbẹ́ tí ẹ fi ṣe ọdún Kérésìmesì. Ìjọ wa tí ó ń kọ́ ilé ìsìn ńlá, ǹjẹ́ ó ní àpò kan fún àwọn ọmọ tí a ti lé kúrò ní kíláàsì nítorí owó?

Àti ẹ̀yin tí ẹ ti gòkè, yálà láti ilé ọlá tàbí láti inú oko, nígbà tí a bá ń bi yín léèrè bí ẹ ti ṣe é, ẹ sọ nípa iṣẹ́ tí ẹ ṣe, nítorí òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó ń ṣọpẹ́ àti ọwọ́ tí ó ń ṣílẹ̀kùn. Àmín.