Yíyan Kọ̀ǹpútà fún Yàrá Ìgbohùnsílẹ̀ Inú Ilé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùgba Orin Ìbílẹ̀ ní Fate, Ìlọrin, Mọ̀

Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá tí ó ń gbé ní Fate, nílùú Ìlọrin, ṣe lè yan kọ̀ǹpútà tí yóò fi máa gba orin àti ewì alohùn sílẹ̀ nínú yàrá ara rẹ̀. Ìlọrin ni ìlú dadakúàdà. Ohùn Odòlayé Àrẹ̀mú, tí ó kú ní ọdún 1997, àti ti Jáígbadé Àlàó ṣì wà létí wa lónìí nítorí pé wọ́n gbé orin wọn sórí àwo àti kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ oníwákà àti onílù àdúgbò kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá papò dà láìjẹ́ pé a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ibi tí a tún ti lè rí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá ló sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun èlò tí wọ́n bá sì gbé lọ́wọ́ ni yóò sọ bóyá ohun tí wọ́n gbà yóò wúlò fún ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Kọ̀ǹpútà wo ló lágbára jù?" Ní èrò tiwa, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé, "Kọ̀ǹpútà wo ló lè dákẹ́?"

Ariwo àti ọ̀rọ̀ iná

Ẹni tí ó bá mọ Fate mọ̀ pé ilé fara kan ilé níbẹ̀. Bí iná ìjọba bá lọ (àwọn ènìyàn ṣì ń pè é ní NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni a ti yí orúkọ yẹn padà), jẹnẹrétọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lọ́tùn-ún lósì. A kò lè pa ti aládùúgbò, ṣùgbọ́n a lè yẹra fún títan tiwa. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná ló máa ń fipá mú olùgbohùnsílẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, ariwo rẹ̀ yóò sì gba inú máíkírófóònù wọlé. Òótọ́ ni pé àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n lè dín ariwo kù, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ ariwo ni wọ́n ń bù nínú ohùn akọrin pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bátìrì inverter kan tí ó jẹ́ fóòtì 12, tí ó sì gba 200 Ah, ní wọ́ọ̀tì-wákàtí 2,400 nínú. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ń fi òjé ṣe, kò dára kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, ìyẹn 1,200. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè máa jẹ bíi wọ́ọ̀tì 150. Yóò lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ń jẹ wọ́ọ̀tì 30 yóò lo nǹkan bí ogójì wákàtí. A kò tíì yọ ohun tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ kúrò nínú iye méjèèjì. Yàtọ̀ sí èyí, alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀ nínú: bí iná bá lọ láàárín orin, akọrin kò ní mọ̀ rárá.

Ìdí mìíràn wà tí ó kan àwa onímọ̀ èdè gan-an. Iná ẹ̀lẹ́tíríkì ní Nàìjíríà máa ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí okùn ilẹ̀ ilé kò bá dára, tàbí bí ṣájà kò bá dára, kíkùn iná yìí yóò wọ inú ohun tí a ń gbà, ní 50 Hz, 100 Hz àti 150 Hz. Agbègbè 100 Hz yìí gan-an ni ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ sínú Praat, ètò tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, lè rí kíkùn iná kí ó sì pè é ní ohùn ìsàlẹ̀. Bí a bá yọ ṣájà, tí a fi bátìrì nìkan ṣiṣẹ́, kíkùn náà sábà máa ń dákẹ́.

Fáànù inú kọ̀ǹpútà náà ń kọ́? Apple ti ń ṣe MacBook Air tí kò ní fáànù kankan láti ọdún 2020 tí wọ́n ti gbé M1 jáde, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò rọrùn fún olùkọ́. Ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ tí fáànù rẹ̀ ń dún lè gbé kọ̀ǹpútà náà sí yàrá kejì, kí ó fa okùn máíkírófóònù gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Okùn máíkírófóònù gidi lè gùn dáadáa láìba ohùn jẹ́. Okùn USB ni kò yẹ kí ó ju mítà márùn-ún lọ.

Agbára tí ó tó

Nǹkan tí ìgbohùnsílẹ̀ ń béèrè kò pọ̀ tó bí àwọn ọlọ́jà ti ń sọ. Ohùn kan tí a gbà ní 48 kHz àti bit 24 ń jẹ bíi MB 8.6 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá to máíkírófóònù mẹ́rin fún akọrin, elégbè àti onílù méjì, wákàtí kan kò ju GB 2.1 lọ. RAM GB 8 tó fún èyí. GB 16 dára fún ẹni tí yóò máa fi ohùn èlò orin àtọwọ́dá kún un. Dísìkì SSD ni kí a yàn, nítorí pé kò ní ohun tí ń yí nínú rẹ̀, kò sì ní dún. Kí a gba ohùn sílẹ̀ ní WAV, kì í ṣe MP3, nítorí pé MP3 máa ń ju apá kan ohùn nù.

Ibi tí agbára ti ṣe pàtàkì ni ìdádúró. Kọ̀ǹpútà máa ń kó ohùn jọ kí ó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, bí ẹni ń fi igbá bu omi. Bí igbá náà bá gba ẹyọ 1,024 nínú 48,000 tí ó wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn yóò pẹ́ tó ìdá 21 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ńṣe ni ó dà bí ẹni pé onígángan dúró ní mítà méje sí akọrin, àlọ nìkan sì nìyẹn, àbọ̀ ń bẹ níwájú. Bí igbá bá jẹ́ 256, kò tó mítà méjì. Kọ̀ǹpútà tí kò lágbára kò lè fi igbá kékeré bu omi. Ohùn yóò máa já. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alárinà ohùn, èyí tí wọ́n ń pè ní audio interface, ní bọ́tìnnì tí ń gbé ohùn akọrin lọ sí headphone rẹ̀ tààrà láìgba inú kọ̀ǹpútà kọjá. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ kò nílò láti tìtorí ìdádúró ra kọ̀ǹpútà olówó iyebíye.

Nígbà tí a bá dé ọjà

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa yóò rà. Kí a mọ̀ pé Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, àti pé nínú àwọn tí Intel ṣe, ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 fi ọwọ́ sí, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Èyí kò sọ alágbèéká ìran kẹfà di ààtàn. A lè fi Linux sí i, kí a máa lo Audacity tàbí Ardour lórí rẹ̀.

Bátìrì tòkunbọ̀ ni kí a fojú sí jù, nítorí pé òun ni ó sábà máa ń ti gbó. Kí a tó sanwó, kí a gbé máíkírófóònù àti headphone tiwa dání lọ. Kí a yọ ṣájà, kí a gba ohùn sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀, kí a wo iye bátìrì tí ó ṣẹ́ kù, lẹ́yìn náà kí a tẹ́tí sí ohun tí a gbà. Ariwo ọjà yóò wà níbẹ̀, kò sí àní-àní. Súfèé fáànù àti kíkùn iná ni kí a máa ṣọ́. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí a ṣe bẹ́ẹ̀, kí a kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tí ó tẹ̀lé e.