Nígbà Tí Owó Oṣù Awakọ̀ Bá Di Owó Gíláàsì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti èrè orí ṣíà, kì í sì í ṣe ti àwọn tí kì í wá sípàdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó padà sórí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó wà láàrin wa ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó jókòó lóṣù tó kọjá, fọ́ọ̀mù mọ́kànlá ni a tò sórí tábìlì. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ti àwọn tó ń wa tírélà. Níbi tí a ti ní kí ènìyàn kọ ìdí tó fi fẹ́ yáwó, ẹni kìíní kọ ‘gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀’, ẹnì kejì kọ ‘búńbà’, ẹnì kẹta kọ ‘gbèsè ibi iṣẹ́’. Akápò wa bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti di ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ni. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Bí a ti ṣí ìwé owó ìfipamọ́ wọn, a rí i pé ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dá lóṣooṣù ti ń lọ sílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ rí, kí ọjọ́ owó oṣù tó kọjá lọ ni yóò ti débí.

Èyí ló jẹ́ kí a pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì jókòó tì wọ́n.

Ní Ìpájà wa yìí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ tírélà kò kan òun. Ọ̀nà ńlá Èkó sí Abẹ́òkúta ló gba Ìyànà-Ìpájà kọjá. Sìmẹ́ńtì Ewékorò, iyanrìn, òkúta, ìyẹ̀fun, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, gbogbo wọn ló ń gbabẹ̀. Bí wọ́n bá yà wọ inú àdúgbò, ojú ọ̀nà a fún, gọ́tà á wà lọ́tùn-ún lósì, wáyà iná á rọ̀ sílẹ̀ bí okùn ìsáṣọ. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ pé tírélà kò gbọdọ̀ rìn láàrin ìlú láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àfi ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ èrò. Ẹni tó bá pa òfin yìí mọ́, òru ló máa já ẹrù, nínú òkùnkùn. Mọ́tòbọ́ì á wà lẹ́yìn, á máa fọwọ́ lu ara ọkọ̀: ‘Máa bọ̀, máa bọ̀, ọwọ́ òsì díẹ̀, dúró!’ Ìgbà tí ‘dúró’ bá fi pẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, òpó géètì onílé ti lọ nìyẹn.

Irú ìjàǹbá kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni a ń wí. Ẹnikẹ́ni kò kú, ẹnikẹ́ni kò dé ọsibítù. Gíláàsì fọ́, búńbà wọ́, páálí ìyẹ̀fun méjì ya. Ṣùgbọ́n ìlànà tó wà níbi iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹni tó bá fọ́ ọ ni yóò san án. Ẹni kìíní fi ìwé rẹ̀ hàn wá. Dánfó kan ló sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tó sì fọ́ gíláàsì náà, dánfó kò dúró. Ilé-iṣẹ́ gé ₦45,000 nínú owó oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn kò bi í léèrè bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ti ẹnì kẹta ló bà wá lẹ́rù. Ó gbà kí a kọ ọ́, bí a kò bá dárúkọ òun.

Ó ń fà sẹ́yìn nínú ọgbà kan lóru, ó fi ìdí tírélà gbá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Irin ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ́. Gbèsè búńbà ti ìṣáájú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wá panẹ́bítà kan lẹ́bàá títì, wọ́n fi òòlù nà án, wọ́n kun ún ní ọ̀dà, ó ń dán. Ohun tí kò rí ni pé irin náà ti ha rọ́bà tí afẹ́fẹ́ bíréèkì ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ọkọ̀ ńlá, afẹ́fẹ́ ló ń ti bíréèkì tírélà. Bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ bá ń jò, ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kò ní gbọ́ bó ṣe yẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Sángò Ọ̀tà pẹ̀lú ẹrù sìmẹ́ńtì. Ó tẹ bíréèkì, ó rọ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ó fi jíà kékeré dá ọkọ̀ lọ́wọ́ kọ́, ó ń fun fèrè kíkan, ó sì yà á sínú iyanrìn ẹ̀gbẹ́ títì. Mọ́tòbọ́ì bẹ́ sílẹ̀, ó ju igi ìdátáyà síwájú táyà. Ọkọ̀ gun igi náà díẹ̀, ó dúró. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ló kù kó dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń dín àkàrà. Obìnrin náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá ra àkàrà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo ni.

Ilẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń wò ní gbogbo ìgbà tó fi ń sọ ọ́.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Heinrich, iṣẹ́ ìbánigbófò ló ń ṣe. Ní 1931 ó tẹ ìwé kan jáde, ó ní lẹ́yìn ìjàǹbá ńlá kan, 29 kékeré á ti wà, àti 300 tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a jiyàn lórí iye náà, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni há a sórí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí dírẹ́bà. Ní 2 September 2015, kòńténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba, ó pa ènìyàn. Ní 29 January 2023, òmíràn já níbẹ̀ kan náà, ó tẹ bọ́ọ̀sì èrò mọ́lẹ̀, ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú. Àwọn awakọ̀ wa mọ irin mẹ́rin tó yẹ kó há kòńténà mọ́ ẹ̀yìn tírélà. Wọ́n sì sọ fún wa pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ ni wọ́n máa ń bi pé ta ló bà á jẹ́.

A bi ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ní típà méjì nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bí òun kò bá gé owó, àwọn ọmọ náà á máa fi ọkọ̀ òun kọ lu ògiri bí ewúrẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. A mọ àwọn kan tó jẹ́ pé ìdí párága ni wọ́n ti ń dìde lọ wa ọkọ̀, a kò ní torí pé wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bò ó. Bàbá kan nínú wa, tó ti ń wa lọ́rì kí Nàìjíríà tó kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún ní 2 April 1972, sọ pé nígbà tiwọn, bí ènìyàn bá kọ lu nǹkan, ilé olówó ọkọ̀ ló máa wà á lọ tààrà, olówó ọkọ̀ á fojú ara rẹ̀ wò ó, á bú u dáadáa, á wá pe mẹkáníìkì. Lójú tiwa, ẹni tó sọ lọ́jọ́ náà àti ẹni tó kun ọ̀dà bò ó kò yẹ kí wọ́n san iye kan náà.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ṣe ní 1974, kò tilẹ̀ gbà kí ọ̀gá kàn ṣàdédé gé owó. Ẹ ka abala karùn-ún rẹ̀. Ó ní bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tí ó jáfara, ọ̀gá lè yọ ìwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aláṣẹ ọ́fíìsì iṣẹ́ ti ìjọba. Gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ láàrin oṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọ́ ọ rí. Bákan náà, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, gbé ètò kan kalẹ̀ ní 2007 pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ àti awakọ̀. A bi wọ́n bóyá ibi iṣẹ́ wọn ní in. Ẹni kìíní ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹni náà ló ń kọ ìwé gé-owó.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí báyìí ṣá. Awakọ̀ mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa sọ pé níbi iṣẹ́ tòun, ìwé kan wà lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kí ọjọ́ kejì tó pé, wọn kò ní gé owó rẹ̀ ní ti àkọ́kọ́. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń ka ìwé náà sétí gbogbo awakọ̀. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí wọ́n fi rí i pé òpó kan náà ni awakọ̀ márùn-ún ti kọ lù. Wọ́n wó òpó náà, wọ́n sún un sẹ́yìn.

Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ẹnì kẹta la kọ́kọ́ san, kí ó lè lọ pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì náà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì gidi, kí ó tó tún gbé ẹrù kankan. Láti oṣù yìí, awakọ̀ tí wọ́n bá gé owó rẹ̀ nítorí ọkọ̀, kí ó mú ìwé tí wọ́n fún un wá sọ́dọ̀ akọ̀wé lọ́jọ́ Sátidé, láti aago mẹ́wàá sí aago kan. A ó bá a ka òfin náà, a ó sì bá a kọ lẹ́tà tó mọ́yán lórí. A kò ní lọ bá ilé-iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jà o.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹnì kẹta yìí wá san ₦5,000 sínú ìwé rẹ̀, òun àti mọ́tòbọ́ì rẹ̀ ni wọ́n jọ wá. Ọmọ náà fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Nígbà tí a dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní òun lòun ń ju igi. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe kọ ọ́.