Ariwo Abẹ̀bẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

N kò tijú láti jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà tí ó sú mi, mo fa wáyà abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yọ. Ilé pa rọ́rọ́. Kò pẹ́ náà ni ẹ̀rọ kú, máàkì ọmọ 40 tí n kò tíì fi pamọ́ sì bá a lọ! Ẹ̀bi mi ni. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá gbóná jù, ọ̀pọ̀ wọn ni í pa ara wọn kí wọ́n má baà jóná.

Ooru ni ó ń lé abẹ̀bẹ̀ sáré. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, eruku ọyẹ́ ti dì bí òwú sáàárín àwọn irin pẹlẹbẹ tí ń gba ooru lára ọpọlọ náà. Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo fi ìka di abẹ̀bẹ̀ mú kí ó má baà yí, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá eruku dànù. Ìdajì ariwo ti lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà mo ra abẹ̀bẹ̀ 120 mm dípò 80 mm tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àyè rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí ó tóbi a máa yí jẹ́jẹ́, síbẹ̀ atẹ́gùn tí ó ń fẹ́ kò dín. Bí eré abẹ̀bẹ̀ kan bá sì dín sí ìdajì, ariwo rẹ̀ a fi nǹkan bí 15 dB lọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo alágbèéká, ẹ má gbé e lé orí tìmùtìmù. Ihò tí ó fi ń mí ni ẹ ń dí.

Nísinsìnyí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ni mo ń gbọ́.