Kí Ló Dé Tí Àrùn Ìtọ̀ Ń Padà Wá?



Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń ta iṣu ní Ọjà Bísí, nílùú Adó-Èkìtì níbí, wá bá mi nílé. Ó jókòó, ó dorí kodò.

"Dádì, wọ́n ní àtọ̀sí ló ń ṣe mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí. Ọkọ mi ní àfi kí n dárúkọ ẹni tó kó o ràn mí."

Bó bá fẹ́ tọ̀, á máa ta á bí ata, ìtọ̀ ọ̀hún ò sì ní ju ẹ̀kán mélòó kan lọ. Mo bi í bóyá wọ́n ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò rí. Rárá o. Kápúsù ló ń rà ní kẹ́mísì. Bí ìrora bá ti dẹ̀, á fi ìyókù pamọ́ de ìgbà mìíràn. Mo ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Èsì dé: E. coli ni, kápúsù yẹn ò sì ràn án rárá. Ó gbà mí láyè kí n kọ ọ́, láìdárúkọ òun.

E. coli kì í ṣe àtọ̀sí. Ọ̀tọ̀ ni kòkòrò àtọ̀sí, ìbálòpọ̀ ni wọ́n fi ń kó o. E. coli ní tirẹ̀, inú ìfun tèmi tiyín ló ń gbé. Theodor Escherich, dókítà ọmọdé ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1885. Òun ló ń fa bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àrùn ọ̀nà ìtọ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin ò ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 4 lọ, ó sì sún mọ́ ihò ìdí. Ti ọkùnrin tó bí i 20. Kódà, ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọkọ ẹni lè ti kòkòrò náà wọlé. Ìyẹn kì í ṣe panṣágà.

Ṣùgbọ́n gbogbo E. coli kọ́ ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ka gbogbo jíìnì E. coli kan tí wọ́n ń pè ní CFT073, èyí tí wọ́n rí lára obìnrin tí àrùn kíndìnrín ń ṣe. Wọ́n fi í wé E. coli méjì mìíràn. Nínú gbogbo oríṣi purotéènì tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, bí 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n jọ ní. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ìwà wọn ò jọra.

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ yìí ni fimH. Irun tíntín wà lára kòkòrò náà. FimH ló ń ṣe ìkọ́ tó wà lórí irun ọ̀hún, ìkọ́ yẹn ló sì ń di ṣúgà kan tó ń jẹ́ mannose mú lára ògiri àpò ìtọ̀. Ìtọ̀ á ṣàn lọ, kòkòrò á dúró. Ní 2003, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí tó wà lábẹ́ Scott Hultgren ní St. Louis fi hàn lára eku pé ó tún ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ògiri náà, tí á máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Oògùn lè fọ ìtọ̀ mọ́, kó má dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sá pamọ́. Ìdí kan rèé tí àrùn náà fi ń padà. Ìdí kejì ni pé ìfun ṣì lè rán òmíràn jáde.

Ìdí kẹta wá láti ọwọ́ àwa fúnra wa. Àwọn kòkòrò yìí ní òrùka DNA kékeré kan, plasmid lorúkọ rẹ̀. Jíìnì tó ń borí oògùn máa ń wà nínú rẹ̀, kòkòrò kan sì lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún kòkòrò kejì, bí ẹni ń rọ kọ́kọ́rọ́ fún aládùúgbò. Bí a bá gbé kápúsù mì, kì í ṣe àpò ìtọ̀ nìkan ló ń dé; ó ń dé ìfun pẹ̀lú. Àwọn tí ò ní kọ́kọ́rọ́ á kú, àwọn tó ní in á gba ilé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní 2000, Iruka Okeke, Adebayo Lamikanra ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti ẹnìkejì wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí E. coli 758 tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa. Wọ́n dán tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin wò, pẹ̀lú oògùn mẹ́ta mìíràn. Ní 1986, àwọn kòkòrò tó borí mẹ́rin tí mo dárúkọ yìí wà láàárín 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó fi máa di 1998, ó ti di 56 sí 100. Ẹ sì rántí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ò ṣàìsàn o! Inú ìfun wọn ni jíìnì yẹn kàn jókòó sí, tó ń retí.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bó bá ti ń padà wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbin ìtọ̀ yín ní láàbù kí ẹ tó lo oògùn, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa pa á. Ẹ lò ó bí dókítà bá ṣe ní kí ẹ lò ó. Ẹ má fi ìyókù pamọ́, ẹ má sì fi tọrẹ. Bí ibà bá mú un dání, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ń dunni, tàbí tí ẹni náà bá lóyún, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Obìnrin yẹn mú ọkọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e. Mo ṣàlàyé èyí tí mo kọ síhìn-ín fún un. Ó gba ìwé èsì náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá ló yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kó o padà wá? Màá sìn ọ́ lọ."